Ìwé Ìwáṣẹ́ Tí Wọn Yóò Fi Pè Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wá Iṣẹ́ láti Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde ní àwọn ilé-ìwé gíga wa, ní EKSU, ní FUOYE, ní BOUESTI tàbí ní Pólì Adó ló ti fi CV kan náà ránṣẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí fóònù wọn kò sì dún. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kò sí iṣẹ́ nílùú, tàbí pé ẹni tí kò bá ní èèyàn lókè kò lè ríṣẹ́. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé ìwáṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń kó wá fún mi kí n bá wọn wò, èyí tó pọ̀ jù ni kò dáhùn ohun tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ béèrè. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ohun tí àwọn òbí tà kí ìwé-ẹ̀rí yẹn tó jáde. Èyí sì ṣeé tún ṣe, láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ bá wà, ìbáà jẹ́ Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé tàbí Òmùò, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Èsì WAEC tàbí NECO, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé gíga (tàbí ìwé èsì, bí ojúlówó kò bá tíì jáde), àti ìwé-ẹ̀rí NYSC. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde yóò ní ìwé ìyọ̀ǹda dípò rẹ̀.
- Ìwé ìbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín, àti NIN.
- Àdírẹ́sì ímeèlì tó jẹ́ orúkọ yín gan-an. Èyí tí ẹ fi orúkọ ìnagijẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní girama, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́.
- Nọ́ńbà fóònù kan tí ẹ kò ní í pààrọ̀.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo ibi tí ẹ bá kọ̀wé sí: ọjọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́, ipò, àti irú CV tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ gbé àwọn ìwé yìí lọ sí ilé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n skáànù wọn dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú wọn sí Google Drive. Àwòrán tí ẹ fi fóònù yà lórí ibùsùn, tí òjìji ọwọ́ yín wà lára rẹ̀, kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

*Ẹ ṣọ́ra:* Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Nínú WAEC, orúkọ méjì ló wà. Ní Yunifásítì, ó di mẹ́ta. Nínú NIN, wọ́n fi lẹ́tà kan sí ibi tí kò yẹ. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò mọ̀ yín rí, ohun tó bá rí lórí ìwé ló ń tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ lọ ṣe ìbúra ní ilé ẹjọ́, ẹ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà, kí ẹ sì lọ tún ti NIN ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN. Obìnrin tó ti yí orúkọ sí ti ọkọ yóò ní ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lé èyí, torí ó ń gba àkókò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí tábìlì kan. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè. Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú irú iṣẹ́ méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta

Ẹni tó ní "iṣẹ́ èyíkéyìí" lòun ń wá ló ṣòro jù lọ láti ràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Àbújá, kò ní í mọ ẹni tí yóò pè. Bí ẹ bá sọ pé iṣẹ́ àkáǹtì ni, ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé-ìwé, orúkọ èèyàn kan tàbí méjì á sọ sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò nílé níbí ni iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ìdó àti EKSUTH l'Ádòó, àwọn Yunifásítì, àti iṣẹ́ ìjọba. Ti ìjọba, ẹ mọ ẹni tó ń gba tani: Teaching Service Commission fún ilé-ìwé girama, SUBEB fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Civil Service Commission fún àwọn iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ìkéde wọn kì í jáde lójoojúmọ́, bó bá sì jáde, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tì í. Ìdí nìyí tí ìwé yín fi gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe olùkọ́, TRCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ni ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Òfin sọ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìdánwò sì wà fún un. Ẹni tó kàwé nínú ìmọ̀ kẹ́míkà tàbí ìtàn, tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́, yóò lọ ṣe PGDE ná, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ni ní ilé-ìwé aládàáni fún ọdún gbọọrọ láì ní in, ọjọ́ tí ìjọba bá wá kéde iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rí i pé wọn kò kún ojú ìwọ̀n.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lè sọ iṣẹ́ tí ẹ ń wá nínú gbólóhùn kan ṣoṣo fún ẹni tí kò kàwé, kó sì yé e.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi bírò ka ìkéde iṣẹ́

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni wọ́n ti ń sáré kọjá jù. Wọ́n á rí i tí ẹnì kan pín in sórí WhatsApp, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á fi CV ránṣẹ́ kí ẹlòmíì tó ṣáájú wọn. Ẹni a bá ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ádòó kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò máa gba owó, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹni tó ní HND tàbí BSc nínú àkáǹtì, tó ti parí NYSC, tó mọ Excel lò, tó lè bá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Kí ó fi CV ránṣẹ́ ní PDF, kí ó kọ orúkọ ipò náà sí àkọlé ímeèlì, kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ kọ ìkéde náà sínú ìwé yín. Ẹ fi ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ dandan, ìyẹn ohun tí ẹ kò bá ní, wọn kò ní í wò yín rárá: HND tàbí BSc, NYSC. Ẹ yí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ lè ṣe ká: Excel, sùúrù pẹ̀lú aláìsàn. Ẹ fi àmì mìíràn sí àṣẹ tí wọ́n pa: PDF, àkọlé ímeèlì, ọjọ́ Ẹtì. Àṣẹ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń já èèyàn. Ẹni tó gba ìwé ìwáṣẹ́ rẹpẹtẹ ń wá ìdí láti dín wọn kù, ẹni tí kò bá tẹ̀ lé àṣẹ ti fún un ní ìdí.

Bí ẹ bá ní gbogbo ohun tó jẹ́ dandan, tí ẹ sì ní bí ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ lè ṣe, ẹ kọ̀wé. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọbìnrin wa. Mo ti rí èyí tó peregedé láàárín wọn tó fà sẹ́yìn nítorí ohun kan péré tí kò ní. Bí ẹ kò bá ní ohun dandan, ẹ fi dátà yín pamọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ pa ìkéde náà dé, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n ń wá fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láì yọjú wò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ CV tó ń dáhùn ìkéde náà

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ sókè, bí ẹni ń ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa máa ń kọ ohun kan náà: òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wàhálà, mo mọ bí a ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́. Ẹni tó kà á kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ bí mo bá jókòó ti ẹnì kan:

"Kí lo ṣe nígbà tó o jẹ́ àgùnbánirọ̀?"
"Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan, mà."
"Kí lo tún ṣe níbẹ̀?"
"Kò sí nǹkan mìíràn, mà. Àfi owó ẹgbẹ́ òbí tí mo ń gbà."
"Owó wo? Lọ́wọ́ ọmọ mélòó? Báwo lo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀?"
"Wọ́n tó igba ọmọ. Inú Excel ni mo ń kọ ọ́ sí, mo ń fún ọ̀gá ilé-ìwé ní àkọsílẹ̀ lóṣooṣù."

Ohun tó pè ní "kò sí nǹkan mìíràn" yẹn ni ilé ìwòsàn ń wá. Nínú CV rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó kọ́ni. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé ó gba owó ẹgbẹ́ òbí lọ́wọ́ nǹkan bí igba akẹ́kọ̀ọ́, ó fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì jábọ̀ fún ọ̀gá lóṣooṣù. Gbólóhùn kan ni. Òun ni wọ́n máa tìtorí rẹ̀ pè é.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun gbogbo tí ẹ ti ṣe: kí ni mo ṣe, ó tó mélòó, kí ló tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ má sọ pé ẹ kò ní ìrírí. Ẹni tó bá ìyá rẹ̀ tajà ní Ọjà Ọba ní gbogbo ìsinmi ti ka ọjà, ó ti gba gbèsè, ó ti pẹ̀tù sí oníbàárà tínú ń bí. Ẹni tó jẹ́ akápò ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì ti tọ́jú owó ẹlòmíì. Ẹni tó lọ SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́ nígbà tó ṣì wà ní ilé-ìwé, ti jókòó sí ibi iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bù mọ́ ọn.

Bí ẹ ó ṣe tò ó: orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì àti ìlú tí ẹ ń gbé; ìlà mẹ́ta nípa ohun tí ẹ lè ṣe fún ipò yìí; iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, èyí tó sún mọ́ jù ni kó ṣáájú; ẹ̀kọ́; ohun èlò tí ẹ mọ̀ ọ́n lò; orúkọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí yín, bí ìkéde bá béèrè rẹ̀. Ojú ìwé méjì tó. Ẹ̀sìn yín, àwòrán yín, àti pé ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà àti bọ́ọ̀lù wíwò, kò wúlò níbẹ̀. Fún iṣẹ́ ìjọba, fọ́ọ̀mù wọn fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ìjọba ìbílẹ̀ yín.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi kọ̀ǹpútà ka CV kí èèyàn tó kà á. Àwòṣe CV tó ní àpótí, òpó ọ̀rọ̀ méjì àti àwọ̀, tí àwọn kan ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń da kíkà náà rú. Ẹ lo ojú ìwé funfun àti lẹ́tà dúdú. Ẹ má sì parọ́ lórí ìpele èsì yín; wọ́n máa ń kọ̀wé sí ilé-ìwé láti bèèrè, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ ṣí PDF náà, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìránṣẹ́ WhatsApp sí ara yín. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà wọn yóò ṣe rí i. Ìkejì, ẹ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yín ní CV náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbà á padà, kí ẹ bi í pé: iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ padà sí ìjókòó ìbéèrè òkè yìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe yẹ

Ẹ pe fáìlì náà ní orúkọ yín àti ipò náà. Fáìlì tó ń jẹ́ "CV tuntun 3" kò ní olóhun nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì. Nínú ímeèlì, ẹ kọ ìpínrọ̀ kúkúrú mẹ́ta: ipò tí ẹ ń wá àti ibi tí ẹ ti rí ìkéde, ohun kan tàbí méjì tí ẹ ti ṣe tó bá ohun tí ẹ yí ká mu, nọ́ńbà yín àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà tó. Ímeèlì òfìfo tí CV nìkan so mọ́ jọ ẹni tó ju ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò kí ará ilé.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má ṣe kó àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ogún sínú ímeèlì kan. Gbogbo wọn ló ń rí ara wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì. Bí fáìlì bá ṣí, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ibi tí ẹ ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ti àná, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́

Ẹni tó bá ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní girama rẹ̀. Àwọn tó jáde ní Christ's School, Adó nìkan wà káàkiri ibi iṣẹ́ lóríṣiríṣi, wọ́n sì máa ń dá ara wọn lóhùn. Ilé-ìwé tiyín náà ní ti rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ wá iṣẹ́ fún mi" di ẹrù lé ẹni yẹn lórí, kò sì ní í fèsì. Ẹ béèrè ohun tó lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí, mo jáde ní EKSU nínú ìmọ̀ àkáǹtì, mo sì ti parí NYSC. Mo rí i pé inú ilé ìwòsàn ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́ àkáǹtì. Irú rẹ̀ ni mo ń wá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n máa ń wò jù lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yín? Ẹ ṣeun púpọ̀, sà."

Bí wọ́n bá fèsì, ẹ dúpẹ́, ẹ ṣe ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ sì padà ròyìn pé ẹ ti ṣe é. Ìròyìn kejì yẹn ni wọ́n fi máa ń rántí yín nígbà tí àyè bá ṣí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí kò bá sí ẹni tó fèsì nínú mẹ́wàá, ẹ tún ìránṣẹ́ náà kà. Ó ṣeé ṣe kó gùn jù, tàbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ ni ẹ ṣì ń tọrọ nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó dáhùn ìpè èyíkéyìí

Mi ò fi èyí ṣe ìgbésẹ̀, torí gbogbo ìgbà ni. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ń wáṣẹ́ kò balẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ kí ẹ tó ríṣẹ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ìránṣẹ́ tó pè yín sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ibi tí ẹ kò kọ̀wé sí, tí kò dárúkọ ipò, tí ó ní kí ẹ béèrè fún ọ̀gbẹ́ni báyìí báyìí, ó lè jẹ́ òwò tí ẹ ó máa fa èèyàn wọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó yín sí. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ yín: ṣé orúkọ wọn wà níbẹ̀? Ẹ lọ sí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni láti wá orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìránṣẹ́. Ẹ má fi nọ́ńbà BVN yín fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ní òun fẹ́ fún yín níṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, irú ti SHL tàbí ti Dragnet: kíkà, ìṣirò, àti àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Àkókò tí wọ́n fi sí i ló máa ń ṣẹ́gun èèyàn ju ìṣirò náà lọ. Ẹ máa fi aago ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ni ẹ ti máa ṣe é, ẹ wá dátà nẹ́tíwọ́kì méjì, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà sì kún fún iná látàárọ̀.

Bí Èkó tàbí Àbújá bá pè yín, ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọkọ̀ òwúrọ̀ láti Adó kò ṣeé gbára lé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò aago mẹ́wàá. Ẹ mú ìtàn mẹ́ta lọ: ìgbà tí ẹ yanjú ìṣòro, ìgbà tí ẹ bá ẹni tó le ṣiṣẹ́, ìgbà tí ẹ kọ́ ohun tuntun kíákíá. Ìbéèrè tó pọ̀ jù ló ń padà sórí ọ̀kan nínú wọn. Wọn yóò bi yín bóyá ẹ lè kó lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ ti bá àwọn ará ilé sọ ọ́ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ má ṣiyèméjì níwájú wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ọ. Bó bá ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ gé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́

Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣé owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni yóò wọ àpò yín, tàbí wọn yóò ṣì yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀? Ní ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, òfin 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí àpò ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ̀yin san 8. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000 láti 2024, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni kékeré ń bọ́ sínú ìyẹn, nítorí náà ẹ béèrè, ẹ má rò ó lọ́kàn. Ẹ wo iye oṣù tí wọn yóò fi dán yín wò, àti iye ọjọ́ tí ẹ ó fi sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kúrò.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àwọn ibìkan máa ń béèrè onígbọ̀wọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Owó, ìfẹ̀yìntì, oṣù ìdánwò, ọjọ́ ìkìlọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sí Drive. Láti oṣù àkọ́kọ́, ẹ ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe lóṣooṣù pẹ̀lú iye rẹ̀. Òun ni ẹ ó gbé síwájú ọ̀gá nígbà tí àkókò ìgbéga bá tó, òun náà ni ẹ ó fi kún ìwé tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ iṣẹ́ yín, bíi ICAN (àkáǹtì), CIPM (ìṣàkóso òṣìṣẹ́) tàbí COREN (iṣẹ́ ẹnjiníà).